Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹni tó yáni àti ẹni tó yá, Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí láti àdúgbò kálukú ní Òṣogbo pọ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn: ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ fún wa nínú Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ rẹ̀ fún méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá há ìtumọ̀ sórí láì wo ohun tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà yóò ṣì í lò. Ṣé ènìyàn ló tẹ̀ lé e ni, àbí nǹkan? Ṣé "to" ni, àbí "from"? Ibẹ̀ ni ojú yín kí ó wà bí ẹ ti ń ka àwọn ìdáhùn yìí. A gé àwọn lẹ́tà kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

*Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà wa fi bírò pupa fàlà sábẹ́ "Please borrow me your calculator" nínú ìwé mi, wọ́n kọ "lend" sí i. Mo wo ìwé atúmọ̀-èdè, ó ní yíyá ni méjèèjì. Kí wá ni ìyàtọ̀ wọn? Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Òkè-Fìà.*

Ìwé atúmọ̀-èdè rẹ kò purọ́, ọmọ wa, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Nínú Yorùbá, "yá" ni ti ẹni tó mú nǹkan sílẹ̀, òun náà ni ti ẹni tó gbà á. Ìtò gbólóhùn ló ń là á fún wa. "Mo yá a lówó": owó kúrò lọ́wọ́ mi. "Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀": owó dé ọwọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì kò fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún ìtò nìkan, ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe pátápátá. Ẹni tí nǹkan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń "lend", ẹni tí nǹkan dé ọwọ́ rẹ̀ ló ń "borrow". Nígbà tí o kọ "borrow me", o sọ ẹni tó ni ẹ̀rọ ìṣírò náà di ẹni tó ń gbà á.

Wo ohun tó ń tẹ̀ lé wọn. "Lend" lè mú ènìyàn tẹ̀ lé e tààrà: "Lend me your calculator." Ó sì lè mú nǹkan ṣáájú, kí "to" wá mú ènìyàn wá: "She lent her calculator to me." "Borrow" kì í gba ẹni tó ń yáni mọ́ra bẹ́ẹ̀. Nǹkan tí o yá ni yóò tẹ̀ lé e, bí o bá sì fẹ́ dárúkọ ẹni tó yá ọ, "from" ni o óò lò: "I borrowed a calculator from her." Bí "lend" bá ti kọjá, "lent" ló ń jẹ́, kò sí "lended". Ìbéèrè tó rọrùn jù lẹ́nu ni "Can I borrow your calculator?", nítorí ìwọ tó ń sọ̀rọ̀ ni olùwà, ọwọ́ rẹ ni nǹkan ń bọ̀.

Bí a bá ń sanwó kí a tó lo nǹkan, "borrow" ti kúrò níbẹ̀. Ilé tí à ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, "rent" ni. Àga àti kánọ́pì òde ìnáwó, "hire" ni wọ́n ń pè é ní Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà sì sábà máa ń lo "rent" fún ìyẹn náà. Owó báǹkì ni kò yí padà: "borrow from the bank" ló tọ́, bí èlé tilẹ̀ wà lórí rẹ̀. O lè rí i kí àwọn kan, pàápàá àwọn ará Amẹ́ríkà, lo "loan" dípò "lend". Nínú ìdánwò tìrẹ, jẹ́ kí "loan" dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ, kí "lend" máa ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe.

*Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àdìrẹ ni mò ń ṣe, mo sì ń tà á fún àwọn tó wà lókè òkun lórí Instagram. Mo kọ "We are dying this cloth with indigo", oníbàárà kan ní kí n tún un kọ kíákíá. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé ìlànà ìfọṣọ tí mo kọ, "Soak in cold water, wring and spread", ó ní aṣọ òun bàjẹ́, ó sì kó àwọ̀ ran àwọn mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tò ó. Aláṣọ àdìrẹ, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.*

Ní ìlú aró, ó yẹ kí a mọ ọ̀rọ̀ yìí kọ dáadáa, nítorí náà a óò fara balẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú "die" àti "dye" kúrò lọ́nà ná. Kíkú ni "die": die, died, dying. Rírẹ aṣọ láró ni "dye": dye, dyed, dyeing. Lẹ́tà "e" tó parí "dye" kì í kúrò nígbà tí "ing" bá dé, lára rẹ̀ sì ni ònkàwé yóò ti mọ̀ pé aró lẹ̀ ń sọ, pé kì í ṣe ikú. Ìró kan náà ni "died" àti "dyed" ní lẹ́nu, etí kò lè yà wọ́n, àfi kí ojú ṣọ́ wọn. Ẹ ṣọ́ "tie" náà, tó jẹ́ dídì: tie, tied, tying.

Èyí tó ba aṣọ oníbàárà yín jẹ́ ni "soak". Nínú Yorùbá, a ń rẹ aṣọ láró, a sì ń rẹ gààrì sómi. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n: "dye" ni ti aró, "soak" ni kí a fi nǹkan sínú omi kí ó pẹ́ níbẹ̀ títí omi yóò fi wọ̀ ọ́ dénú. Ẹni tó ka "soak" nínú ìlànà ìfọṣọ lè fi aṣọ náà sínú bókẹ́ẹ̀tì di ọjọ́ kejì. Aró tí kò tíì di mọ́ aṣọ yóò máa yọ sínú omi ní gbogbo àkókò yẹn, yóò sì gba ara aṣọ mìíràn tó bá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ lò ni "rinse", ìyẹn kí a fi omi tó mọ́ ṣàn án kí aró tó ṣẹ́ kù bá omi lọ. "Dip" tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Òun ni kí ẹ rì í bọ̀ ọ́ kí ẹ sì yọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ yín gan-an fún oníbàárà, "dip" ló bá ìkòkò aró mu, nítorí ẹ máa ń rì í, ẹ ó yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, àwọ̀ ewé tó gbé jáde nínú aró yóò sì di búlúù lójú yín, kí ẹ tó tún un rì. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "We dip the cloth several times and let the air turn it blue."

"Fún" náà pín sí méjì. "Wring" ni kí a di aṣọ mú lórí méjèèjì kí a lọ́ ọ kí omi jáde. "Squeeze" ni kí a tẹ̀ ẹ́ láàárín ọwọ́ láì lọ́ ọ. Lílọ́ máa ń mú kí aṣọ hunjọ, ó sì lè fa okùn rẹ̀ gùn, nítorí náà "squeeze" ni kí ẹ sọ fún wọn. Lẹ́tà "w" inú "wring" kò ní ìró rárá, "ring" lẹ óò gbọ́. Bí ó bá ti kọjá, "wrung" ni.

Sísá aṣọ: bí ó bá jẹ́ orí okùn, "hang" ni, bí ó bá jẹ́ pé a tẹ́ ẹ sórí koríko tàbí ẹní, "spread" ni. Aṣọ tí a ti sá sórí okùn, "hung" ló ń jẹ́. "Hanged" wà, ṣùgbọ́n ènìyàn tí wọ́n yẹgi fún ni wọ́n ń lò ó fún, kí ó má ṣèèṣì dé ara aṣọ. Bí oòrùn bá sọ àwọ̀ di ṣíṣá, "fade" ni. Bí àwọ̀ bá ń yọ nínú omi, "run" ni: "The colour ran." Bí aṣọ bá sún kì, "shrink" ni, tó di "shrank", lẹ́yìn "has" ó di "shrunk".

Ẹ lè da èyí kọ sára páálí tí ẹ ń so mọ́ aṣọ: "Hand-dyed with indigo. Rinse in cold water before first use. Wash separately. Do not soak. Squeeze gently, do not wring. Hang in the shade: strong sunlight will fade the colour."

*Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ni mí. Ọmọ kan sọnù níbi ayẹyẹ tí a ń ṣọ́, a sì padà rí i. Mo kọ sínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ pé "We searched the missing boy for two hours." Ọ̀gá wa ní mo kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Báwo? Ẹ̀ṣọ́, Ayétòrò.*

Òótọ́ ni ọ̀gá yín sọ, ọ̀rọ̀ kékeré "for" ló sì fà á. Bí kò bá sí nǹkan kan láàárín "search" àti ohun tó tẹ̀ lé e, títú nǹkan wò ni: a lè tú àpò, yàrá tàbí ara ènìyàn. "The guard searched the boy" túmọ̀ sí pé ẹ̀ṣọ́ tú ọmọ náà lára wò. "The guard searched for the boy" ló túmọ̀ sí pé ẹ̀ṣọ́ wá a kiri. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, gbólóhùn méjèèjì yìí kì í ṣe ẹ̀rí kan náà, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ lè lo méjèèjì pọ̀: "We searched the hall and the car park for the boy." Ibi tí ẹ tú ló ṣáájú, ẹni tí ẹ ń wá ló tẹ̀ lé "for".

"Look for" rọrùn jù, wíwá ni, kò sì sí ewu títú ènìyàn wò nínú rẹ̀. "Find" ni rírí ohun tí à ń wá. "I am finding my key" tí ọ̀pọ̀ ń sọ kò tọ́, nítorí ẹni tó ṣì ń wá kò tíì rí. Ìròyìn yín yẹ kí ó lọ báyìí: "We looked for the missing boy for two hours and found him behind the stage."

*Afinimọ̀nà ni mí nínú Igbó Ọ̀ṣun. Àlejò kan tó jẹ́ olùkọ́ sọ fún mi pé "Larooye found Osogbo" kò tọ́, àti pé àwọn ère sìmẹ́ǹtì kì í ṣe "carved". Ẹ là mí lóye. Afinimọ̀nà, Òṣogbo.*

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló pàdé níbẹ̀. "Find" di "found" nígbà tó bá kọjá, rírí ni. Ṣùgbọ́n "found" mìíràn wà tó jẹ́ títẹ ìlú dó tàbí dídá ilé-ìwé, ìjọ tàbí ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìyẹn sì di "founded". Ohun tí ìtàn ìlú wa sọ ni "Larooye and Timehin founded Osogbo." Bí ẹ bá sọ "found", ẹ ti ní wọ́n bá ìlú níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ìyẹn sì ta ko ìtàn tí ẹ fẹ́ sọ.

Ní ti ère: "carve" ni gbígbẹ́, níbi tí irinṣẹ́ ti ń yọ lára igi tàbí òkúta. Àwọn ère ńlá inú igbó náà, èyí tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣọ̀nà bíi Adébísí Àkànjí ṣe, sìmẹ́ǹtì ni a ń lẹ̀ mọ́ ọn tí a ń fi ọwọ́ mọ. "Model" tàbí "sculpt" ló bá ìyẹn mu: "These figures were modelled in cement." Ẹ pa "carve" mọ́ fún ilẹ̀kùn àti òpó onígi.

Ẹ tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ tó wà pẹ̀lú UNESCO. "The grove was inscribed on the World Heritage List in 2005." "On" ni, kì í ṣe "in", níwájú "List".

Bí ẹ bá ń pe ojú àlejò sí nǹkan, "look at" ni: "Look at the gate." Ohun tó ń rìn tàbí tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, "watch" ni: "In August, people come to watch the procession." Ohun tí yóò bọ́ sí wọn lójú láìjẹ́ pé wọ́n tẹjú mọ́ ọn, "see" ni: "You will see the river on your left." Nígbà tí ẹ bá dé orí Arugbá, ẹ ó rí i pé Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ níbẹ̀. A ń rù, a ń pọ̀n, a ń gbé, a ń kó. "Carry" nìkan ni wọ́n ní fún gbogbo rẹ̀, àfi kí ẹ sọ apá ara tí ẹrù wà. "The Arugba carries the calabash on her head." Ìyá tó pọn ọmọ, "She is carrying her baby on her back." "She backed the baby" kò ní yé ẹni tó ti ìlú mìíràn wá.

*Ṣé "I am hearing you" dára lórí fóònù? Oníṣòwò, Old Garage.*

"I can hear you" ni kí ẹ máa sọ. "Hear" tó jẹ́ pé ohùn kàn ń wọ etí yín kì í sábà gba "ing". Fífi etí sílẹ̀ ni "listen", "to" sì gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti ohun tí à ń gbọ́: "I listen to the radio." Òórùn tí à ń gbọ́, "smell" ni, èdè tí à ń gbọ́, "understand" ni: "She understands Yoruba." Ibi kan tó dájú pé "hearing" tọ́ ni ìparí lẹ́tà iṣẹ́ yín: "I look forward to hearing from you." "Look forward to hear" ni ọ̀pọ̀ ń kọ, ó sì ń ba lẹ́tà tó dára jẹ́.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mi kùnà nínú "lie" àti "lay", bàbá rẹ̀ náà kò lè là á fún un. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ọ̀ta-Ẹ̀fun.*

Ẹ má bá ọmọ wí, ìyá wa. Àwọn tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń ṣì í, nítorí ìrísí ọ̀kan wọnú ti èkejì.

Dídùbúlẹ̀ ni "lie". Ẹni náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, kò sí nǹkan tó ń gbé lélẹ̀. Bí a ti ń pè é nìyí: lie, lay, lain, lying. Gbígbé nǹkan lélẹ̀ tàbí títẹ́ ẹ ni "lay": lay, laid, laid, laying. Ẹ rí ibi tí wọ́n ti pàdé: "lay" tó jẹ́ àná "lie" àti "lay" tó jẹ́ òní fún gbígbé lélẹ̀. Ìdánwò tí ẹ lè ṣe fún ọmọ náà ni pé kí ó béèrè "Kí ló gbé lélẹ̀?" Bí ìdáhùn bá wà nínú gbólóhùn, ìdílé "lay" ni. "She laid the mat on the floor": ẹní ni. Bí ìdáhùn kò bá sí, ìdílé "lie" ni: "Yesterday he lay on the mat all afternoon." "He laid down" ló wọ́pọ̀ jù nínú àṣìṣe, "He lay down" ló tọ́. Adìyẹ tó yé ẹyin, "lay" ni, nítorí ẹyin ni ìdáhùn. Irọ́ pípa náà ni "lie", ṣùgbọ́n tirẹ̀ rọrùn: lie, lied, lied.

Bí ọmọ bá ti mọ ìdánwò yẹn, kí ó lò ó fún "rise" àti "raise" lọ́jọ́ kan náà. "Rise, rose, risen" ni ti ohun tó gòkè fúnra rẹ̀: "The price of rice rose." "Raise, raised, raised" ni ti ẹni tó gbé nǹkan sókè: "The trader raised the price of rice." Kí ó kọ gbólóhùn mẹ́rin fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí méjì jẹ́ ti àná, nítorí ti àná ni olùdánwò fi ń mú wọn.

*Télọ̀ ni mí ní Ìgbọ́nà. Àwọn oníbàárà tó wà ní Kánádà àti Ìlú Ọba ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́. Mo máa ń béèrè "Did it size you?", wọn kì í dáhùn dáadáa. Kí ni kí n máa kọ?*

"Fit" ni ọ̀rọ̀ yín. Aṣọ tó gba ara láìtóbi láìfún, "It fits me." "Suit" ni kí aṣọ yẹ ènìyàn, ọ̀rọ̀ ẹwà ni: aṣọ lè fit kí ó má suit, nítorí àwọ̀ rẹ̀ kò yẹ ẹni tó wọ̀ ọ́. "Match" ni kí nǹkan méjì bára mu, bí gèlè àti ìró. Nítorí náà ìbéèrè yín ni "Does it fit?" Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ béèrè ibi tó ti tóbi tàbí tó ti fún: "Where is it loose? Where is it tight?"

"Put on" ni iṣẹ́ wíwọ aṣọ fún ìṣẹ́jú yẹn, "wear" ni pé ó ti wà lára. Ẹ sọ fún wọn pé "Put it on and send me a photo", kí fọ́tò náà sì jẹ́ ti ibi tí wọ́n ti ń wear bàtà tí wọ́n fẹ́ lò, nítorí gíga bàtà yóò yí ibi tí etí aṣọ dé padà.

Fún àtúnṣe, dídín ìbú kù ni "take in", fífẹ̀ ẹ́ ni "let out", gígé kúrú ni "shorten", mímú gùn ni "lengthen". Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú iye ínṣì. "Shorten the gown by 2 inches" ni kí ẹ gé ínṣì 2 kúrò. "Shorten the gown to 54 inches" ni kí ó ṣẹ́ ku ínṣì 54. Bí oníbàárà bá kọ "shorten 2 inches" láìsí ìkan nínú méjèèjì, ẹ má tíì fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì, ẹ kọ "By 2 inches? So the new length is 54?" padà sí i, kí ó sì fèsì kí ẹ tó gé e.